Aspergillus flavus: Ebu Inú Ẹ̀pà àti Agboolé Rẹ̀

Ẹ mú ẹ̀pà kan tó ti pẹ́ nínú àpò, ẹ là á sí méjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, funfun ni inú rẹ̀ yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní àárín gbùngbùn ibi tí apá méjèèjì ti pàdé, ẹ ó bá nǹkan kan tó hu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí irun ọmọ ológbò. Àwọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ ti ìyeyè tán, kò sì jẹ́ ti ewé tán. Ara ẹ̀pà náà lè máa dán lóde bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹni tó bá jù ú sẹ́nu láìwò ni ẹnu rẹ̀ á sọ fún un. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí: èèyàn á ti máa jẹ ẹ̀pà bọ̀ tìgbádùn-tìgbádùn, kíkorò kan ṣoṣo á sì ba ogún tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́.

Ebu ni a ń pè é. Ebu náà la ń pe èyí tó hu sára búrẹ́dì, èyí tó bo bàtà awọ lásìkò òjò, àti èyí tó ń dúdú lára ògiri balùwẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fi orúkọ kan pe gbogbo wọn bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ebu pọ̀ lóríṣiríṣi, olúkúlùkù ló ní ìdílé, ó ní agboolé, ó sì ní orúkọ àbísọ. Aspergillus flavus ni orúkọ èyí tó fẹ́ràn ẹ̀pà àti àgbàdo jù. Láti bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni wọ́n ti ń ṣe àríyànjiyàn lórí ìdílé rẹ̀, wọn ò sì tíì parí rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni, kó farabalẹ̀ gbọ́, nítorí inú àríyànjiyàn yẹn ni oògùn ebu náà ti jáde.

Ọdún 1729 ni Pier Antonio Micheli, onímọ̀ ewéko ní ìlú Florence ní Ítálì, tẹ ìwé kan jáde tó pè ní Nova Plantarum Genera. Nígbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà ni pé ebu kì í ní òbí, pé inú ohun tó bá ń jẹrà ló ti ń ṣàdédé yọ. Micheli kò gbà. Ó gbé lẹ́búlẹ́bú tó wà lára ebu, ó fi í sórí bàrà tó gé, ó sì rí i pé irú ebu tóun gbìn náà lòun kórè. Nígbà tó wo oríṣi kan nínú wọn lábẹ́ awò, ó rí ọ̀pá tín-ín-rín tó ní orí roboto, tí kóró sì to yí orí náà ká. Ohun tó rán an létí ni aspergillum, ohun èlò tí àlùfáà Àgùdà fi ń wọ́n omi mímọ́ sára ìjọ. Bí ìdílé ebu yìí ṣe gba orúkọ nìyẹn: Aspergillus.

Ó tó ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1809, kí Johann Heinrich Friedrich Link, ará Jámánì, tó sọ ọ̀kan nínú ọmọ ìdílé náà ní flavus. Ọ̀rọ̀ Látìnì ni, àwọ̀ ìyeyè ló túmọ̀ sí. Ká sòótọ́, orúkọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ rò ó. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hu ló máa ń rí bí ìyeyè. Bó bá di ọjọ́ mélòó kan, ó ti di àwọ̀ ewé. Ó dà bí ẹni sọ ọmọ ní Apọ́nbéporẹ́ lọ́jọ́ ìkómọ, tí ọmọ sì wá dúdú nígbà tó dàgbà. Orúkọ tí ọmọ gbà lọ́jọ́ náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní.

Ebu kì í ṣe ewéko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ewéko ni Micheli àti Link kà á mọ́. Ìgbà tó di 1969 ni Robert Whittaker, ará Amẹ́ríkà, pín gbogbo ohun ẹlẹ́mìí sí ìjọba márùn-ún, tó sì fún ìran olú ní ìjọba tiwọn. Ebu, olú tí à ń fi se ọbẹ̀, àti ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú, ọmọ ìjọba kan náà ni wọ́n. Ewéko ń gba agbára lára oòrùn. Ebu kò lè ṣe é. Ohun tó ṣe ògiri ara ebu ni wọ́n ń pè ní kítínì, òun náà ló mú kí èèpo edé le. Ó sún mọ́ ẹranko ju bó ṣe sún mọ́ koríko lọ.

Bó ṣe ń jẹun tún jẹ́ ìyanu. Àwa máa ń gbé oúnjẹ mì kó tó dà. Ìta ni ebu ti ń da tirẹ̀. Ara rẹ̀ kò ju fọ́nrán lọ, fọ́nrán tó tín-ín-rín ju òwú lọ fíìfíì, tó ń yà, tó sì ń wọ inú ẹ̀pà káàkiri. Fọ́nrán yìí á tu omi kan síta, omi náà á fọ́ sítáàṣì àti ọ̀rá inú ẹ̀pà sí wẹ́wẹ́, ebu á wá fà á padà sára. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá á nà sókè láti ara fọ́nrán. Orí ọ̀pá á wú, ohun tó dà bí ìgò kéékèèké á yọ yí i ká, kóró á sì máa ti ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan jáde ní títẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú okùn. Bí a bá to 200 nínú kóró náà sí ìlà kan, gígùn wọn yóò tó nǹkan bíi mìlímítà kan. Afẹ́fẹ́ tí kò lè mi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè gbé wọn lọ sí oko ẹlòmíràn.

Ilẹ̀ ni ilé rẹ̀, òun àti pòròpórò tí a fi sílẹ̀ lóko lẹ́yìn ìkórè. Ó lè dàgbà láti ìwọ̀n ooru 12 títí dé 48 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ibi tí ara rẹ̀ ti yá jù ni nǹkan bíi 37, ìwọ̀n ooru ara èèyàn gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi lè hu nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Nínú ìdílé Aspergillus, fumigatus nìkan ló ṣáájú rẹ̀ nínú irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tàbí bí oúnjẹ bá tán, òmíràn nínú wọn á ká ara rẹ̀ jọ di kókó dúdú líle, á dúró dìgbà tó bá dára. Ẹ rántí kókó dúdú yìí, a óò padà sí i.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi wọlé, orúkọ ti pọ̀ ju ebu lọ. Ẹnì kan á rí èyí tó pọ́n díẹ̀, á sọ ọ́ lórúkọ. Ẹlòmíràn á rí i lórí ìrẹsì, á fún un ní òmíràn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbá ilé náà mọ́. Charles Thom, tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ ebu inú wàràkàṣì, kọ ìwé The Aspergilli pẹ̀lú Margaret Church ní 1926. Òun àti Kenneth Raper tún un kọ ní 1945. Nígbà tó di 1965, Raper àti Dorothy Fennell ka ẹ̀yà 132, wọ́n sì pín wọn sí agboolé 18. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kò le láti yé: kí wọ́n gbin gbogbo ebu sórí oúnjẹ kan náà, fún iye ọjọ́ kan náà, kí wọ́n tó wo àwọ̀, orí àti kóró wọn. Flavi ni orúkọ agboolé tí flavus wà lónìí, wọ́n sì ti ka ẹ̀yà 33 níbẹ̀ ní 2019. Aládùúgbò rẹ̀ tó sún mọ́ ọn ni Aspergillus parasiticus, èyí tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Speare sọ lórúkọ ní 1912, lára kòkòrò tó ń fa omi ìrèké mu.

Ọmọ agboolé kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má dárúkọ. Ní Japan, wọ́n ní ebu kan tí wọ́n ń gbìn sórí ìrẹsì sísè láti fi pọn ọtí saké àti láti fi ṣe sọ́ọ̀sì sóyà. Koji ni wọ́n ń pè é. Hermann Ahlburg, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ya ebu náà sọ́tọ̀ ní 1876. Ní 1884, Ferdinand Cohn fi í sínú ìdílé Aspergillus, ó pè é ní oryzae. Nígbà tí wọ́n wá ka jíìnì rẹ̀ ní ọ̀rúndún yìí, wọ́n bá a pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú flavus. Krómósómù, ìyẹn okùn tí jíìnì wà lára rẹ̀, mẹ́jọ ni kálukú wọn ní. Jíìnì tí flavus fi ń ṣe májèlé, èyí tí a óò sọ nípa rẹ̀ láìpẹ́, wà lára oryzae náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti bàjẹ́, wọn kì í ṣiṣẹ́: ààrò wà nílé, iná ò sí nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fún un ni pé ebu igbó tí èèyàn tọ́ sílé ni oryzae, bí ajá ṣe jẹ́ sí ìkookò. Àwọn ará Japan fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ní 2006, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìpọntí wọn kéde rẹ̀ pé ebu orílẹ̀-èdè ni.

Títí di 1960, kò sẹ́ni tó ka flavus sí ọ̀tá ńlá. Ọdún yẹn ni tòlótòló bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹyẹ tó ń ṣe fáàrí lánàá á kọ oúnjẹ lónìí, apá rẹ̀ á wọ́lẹ̀, á máa tòògbé. Bó bá kú, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì á nà gbọọrọ. Bí wọ́n bá là á, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n máa ń bá tó ti bàjẹ́. Èyí tó kú lé ní 100,000. Àwọn oníṣègùn ẹran wá kòkòrò àrùn tì, wọn ò rí, wọ́n bá sọ ọ́ ní àrùn X. Oúnjẹ ló tú àṣírí. Gbogbo ilé ẹyẹ tí ikú wọ̀ ló ń ra oúnjẹ tí wọ́n fi àkàrà ẹ̀pà láti Brazil pò, ìyẹn èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún òróró ẹ̀pà tán. Ẹ̀pà Uganda náà tún ṣe bákan náà. Láti ara ẹ̀pà Uganda yìí ni wọ́n ti gbé ebu jáde ní 1961, tí wọ́n gbìn ín, tí wọ́n sì fi hàn pé òun ló ń ṣe májèlé. Aspergillus flavus ni ebu náà.

Orúkọ ebu ni wọ́n ṣẹ́ di orúkọ májèlé: a láti ara Aspergillus, fla láti ara flavus, wọ́n wá fi toxin, májèlé, tì í. Ó di áfílátọ́síìnì. Mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Lábẹ́ ìtànṣán ultraviolet, méjì ń tàn ní àwọ̀ aró, méjì ń tàn ní àwọ̀ ewé, wọ́n wá pe àwọn ti àkọ́kọ́ ní B, láti ara blue, wọ́n pe àwọn kejì ní G, láti ara green. B1 ló burú jù. Ẹ̀dọ̀ ni gbogbo wọn ń bá jà. Ní 1987, IARC, àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi áfílátọ́síìnì sí ipò kìíní láàárín àwọn ohun tó dá wọn lójú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ara èèyàn. Ẹni tó bá ní kòkòrò hepatitis B lára, tó tún ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ewu tirẹ̀ di ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po.

Àṣìṣe kan wà tó yẹ ká yanjú níbí. Kíkorò tí à ń gbọ́ lẹ́nu kì í ṣe májèlé náà fúnra rẹ̀. Áfílátọ́síìnì kò ní adùn, kò ní òórùn, iná ìdáná wa kò sì ká a. Bí a bá yan ẹ̀pà, ebu inú rẹ̀ á kú, àmọ́ ohun tí ebu ti tu síbẹ̀ kó tó kú, ibẹ̀ ló wà. Ìwọ̀n tó kéré gan-an ló sì tó láti dá ẹrù padà ní èbúté. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù fún ẹ̀pà tí èèyàn fẹ́ jẹ bẹ́ẹ̀ ni máíkírógíráàmù 4 nínú kílò kan. Ẹ jẹ́ ká fi ṣúgà ṣírò rẹ̀: kóró ṣúgà onígun kan nínú 20,000 àpò, tí àpò kọ̀ọ̀kan wọn 50 kílò. Bó bá ti lé díẹ̀, ẹrù ò wọlé.

Nàìjíríà náà kò sùn sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìgbà yẹn ni ẹ̀pà ń lọ sókè òkun láti Àríwá, tí àpò rẹ̀ sì ń ga bí òkè ní Kano. Ní Samaru, lẹ́bàá Zaria, D. McDonald àti C. Harkness bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀pà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ohun tí àgbẹ̀ lè lò ni wọ́n rí: ẹ̀pà tí èèpo rẹ̀ kò bá fọ́, tó sì tètè gbẹ, kì í sábà ní májèlé. Èyí tí ọkọ́ tàbí ikán ti lu èèpo rẹ̀, tàbí tó pẹ́ kó tó gbẹ, ni ebu ń wọlé sí. Kò sí ohun tó yí padà nínú ìyẹn títí dòní.

Ó kù kí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tú ìwé àwọn onímọ̀ ká. Òfin tí wọ́n ń kọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀ ni pé flavus kì í ṣe ju B lọ, parasiticus ló ń ṣe B àti G pọ̀. Peter Cotty láti Amẹ́ríkà àti Kitty Cardwell tó ń ṣiṣẹ́ fún IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wá yẹ ilẹ̀ oko wò ní agbègbè wa. Ní 1999, wọ́n kọ̀wé pé àwọn rí èyí tó jọ flavus, tó ń ṣe B àti G, tí kókó dúdú rẹ̀ sì kéré jọjọ. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Link fún lórúkọ kan ṣoṣo wá ń fọ́ sí méjì, sí mẹ́ta. Ní 2005, ọ̀kan gba orúkọ tirẹ̀, Aspergillus parvisclerotigenus. Ẹ̀pà Nàìjíríà ni wọ́n ti mú èyí tí wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀. Ní 2008, òmíràn gba minisclerotigenes. Orúkọ méjèèjì, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: èyí tí kókó rẹ̀ kéré.

Kókó kékeré, ọ̀ràn ńlá. Ní 2004, àwọn èèyàn ní Makueni àti Kitui ní Kenya jẹ àgbàdo tó ti bu. 317 ló ṣàìsàn, 125 nínú wọn kú, ẹ̀dọ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ àgbàdo náà wò, ebu tí kókó rẹ̀ kéré ló kún inú rẹ̀, májèlé tirẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Ká ní àwọn onímọ̀ ṣì ń pe gbogbo wọn ní flavus lásán ni, wọn ì bá má rí ohun tó mú kí ti Kenya burú tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2009 ni àṣírí mìíràn tún tú. Láti ayé Link ni wọ́n ti gbà pé flavus kì í gùn, pé kóró rẹ̀ nìkan ló fi ń bí sí i. Bruce Horn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó àwọn tó jẹ́ oríṣi méjì pọ̀, wọ́n fi wọ́n síbi òkùnkùn fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì rí i pé inú kókó dúdú wọ̀nyí ni wọ́n ti ń bí irúgbìn tó pa jíìnì òbí méjèèjì pọ̀. Òfin ìsọlórúkọ nígbà náà fàyè gbà á kí ebu kan jẹ́ orúkọ méjì, ọ̀kan fún ìgbà àpọ́n, ọ̀kan fún ìgbà tó bá fẹ́yàwó. Wọ́n sọ ọ́ ní Petromyces flavus. Kò pẹ́ rárá: ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Melbourne ní 2011 fagi lé orúkọ méjì, flavus sì padà sí orúkọ tí Link fún un. Ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí orúkọ kejì yẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lóko.

Èyí tó wúlò ni mímọ ẹni tó ń ṣe májèlé àti ẹni tí kì í ṣe é. Cotty ti rí i lóko òwú ní Arizona pé àwọn kan wà nínú flavus tí wọn kì í ṣe májèlé rárá. Bí wọ́n bá tètè dé oko, wọ́n á gba ilé mọ́ àwọn onímájèlé lọ́wọ́. Ní IITA ní Ìbàdàn, Ranajit Bandyopadhyay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá irú wọn nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n yan mẹ́rin. Àgbẹ̀ kò ní rí ohun àjèjì níbẹ̀: ọkà bàbà tí wọ́n ti fi iná pa ẹ̀mí inú rẹ̀ kó má baà hù, tí wọ́n fi ebu mẹ́rin náà ra, tí wọ́n sì rẹ ní aró kéèyàn má ṣe sè é jẹ. Aflasafe lorúkọ rẹ̀. 10 kílò ni ti hẹ́kítà kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ́n ọn ká, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Òjò á rin ín, ebu rere á hu lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé kóró rẹ̀ káàkiri oko. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i ní 2014. Ó máa ń dín májèlé kù ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn kan ṣì ń béèrè pé ṣé ebu rere kò ní bá ebu búburú gùn lóko, nígbà tí 2009 ti fi hàn pé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Ohun tó kù, ọwọ́ ẹni tó ń ra ẹ̀pà àti ẹni tó ń tà á ló wà. Ẹ̀pà tí ẹ bá ṣà sọ́tọ̀ torí pé ó bu, tó ti hunjọ, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ má ṣe tà á ní ẹ̀dínwó fún oníkúlíkúlí. Ẹ má sì ṣe dà á fún adìyẹ tàbí tòlótòló. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀.